Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta

Láti Ajé dé Ọjọ́rú, ọmọ ilé ìwé ni.
Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, tèmi ni,
pẹ̀lú bàtà ńlá tí wọ́n ní kó máa wọ̀
àti ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ ewé
tí mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ní ìrọ̀lẹ́.
Mo kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín.
Mo ní, "Ṣé báírò la ó fi tún ẹ̀rọ ṣe ni?"

Láfẹ́nwá ni ìsọ̀ mi, lẹ́yìn ojú irin,
níbi tí páànù ti ń gbọ̀n bí rélùwéè bá ń kọjá.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi sin Ọ̀gá Kàsímáwò.
Ọdún àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni mo gbá.
Ọdún kejì, mo ń yọ wáyà tó ti jóná
títí èékánná mi fi dúdú.
Kò sẹ́ni tó sọ ìdí ohunkóhun fún mi.
Wò ó. Kà á. Dì í bí o ṣe bá a.
Iye tí o bá nínú rẹ̀ ni kí o dá padà síbẹ̀,
bí ẹni tó yá ìkòkò aládùúgbò.

Lọ́jọ́bọ̀ kan,
àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó
gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi wọn dé.
Inú rẹ̀ ṣófo bí ìkarahun ìgbín.
Ẹnìkan ti tú u ṣáájú mi,
ó ti ta kópà rẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.
Kò sí ohun tí mo fẹ́ kà.
Àkọlé ara rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán.
Mo gbé e lé ẹsẹ̀. Mo yí i. Mo gbé e sílẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún iṣẹ́ jókòó sí mi lẹ́nu, kò rí nǹkan sọ.

Mofiyìn mú rúlà.
Ó wọn gígùn, ó wọn ẹnu,
ó ka ihò inú rẹ̀: mẹ́rìnlélógún.
Ó ṣí ìwé mìíràn tó fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò,
ó ń sọ̀rọ̀ sínú,
ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.
"Ọ̀gá, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta."
"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kí ni?"
"Ìyípo wáyà, nínú ihò kọ̀ọ̀kan."
Mo wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo Odò Ògùn lóru:
mo mọ̀ pé omi wà níbẹ̀,
n kò rí i.
Síbẹ̀, mo fa wáyà lé e lọ́wọ́.

Wọn ò tíì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò bẹ̀ ẹ́,
bí kópà ṣe ń bínú sí ẹni tó bá fi agbára fà á.
Èyí, mo kọ́ ọ.
Ó já a lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sunkún díẹ̀,
ó ní èéfín ni.
A fi gílóòbù sínú rẹ̀, kó gbẹ mọ́jú.

Ọjọ́ Ẹtì, a tan iná sí i.
Ó yí! Gbogbo ìsọ̀ hó yèè.
Èmi nìkan ò hó.
Mo fi ẹnu sùkúrúdíráfà kan irin náà,
mo fi ìdí rẹ̀ ti etí.
Ohùn kan wà lábẹ́ ohùn náà,
bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun
tí kò fẹ́ kí àlejò mọ̀.
"Pa á."
Mítà rẹ̀ ní kò sí nǹkan kan.
Ìwé rẹ̀ ní ó pé.
Mo ní kó gbé etí lé e.
Mo ń wo ojú rẹ̀ bó ti ń wá a kiri,
ojú tí èmi náà fi wo ìwé rẹ̀ lánàá.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Ọ̀gá... nǹkan kan ń ha."
"Bíárìn ni."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé aláwọ̀ ewé:
*ìró bíárìn tó ń kú lọ.*
Mo fọwọ́ sí i. Gírísì ìka mi kù síbẹ̀.
Nígbà tó ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ,
mo wá ṣọ́ọ̀kì,
mo kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sára ilẹ̀kùn páànù.
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kó tó mú ìgbálẹ̀,
yóò sọ ibi tó ti rí i fún mi.